Gerhard Ertl àti ìgbésẹ̀ tó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn: láti ojú irin dé amóníà tí a ń fi oòrùn àti afẹ́fẹ́ ṣe

Ẹ kú ìjókòó o. Iṣẹ́ ọkùnrin kan la fẹ́ gbé yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ la bá wá. Gerhard Ertl, ọmọ Jámánì tí wọ́n bí sí ìlú Stuttgart ní ọdún 1936, ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́mísìrì ní ọdún 2007. Òun nìkan ló gbà á, kò bá ẹnikẹ́ni pín in. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹwàá tí wọ́n kéde rẹ̀ gan-an ló pé ẹni ọdún 71. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ fún un ni ìwádìí lórí bí kẹ́míkà ṣe ń bára wọn ṣe lójú ohun líle.

Ìyẹn kò jọ ọ̀rọ̀ agbára oòrùn rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi iná oòrùn ṣe ajílẹ̀, tàbí tó fẹ́ gbé agbára afẹ́fẹ́ sínú ọkọ̀ ojú omi lọ tà ní ilẹ̀ mìíràn, amóníà, gáàsì tí náítrójìn àti háídrójìn para pọ̀ di, ni yóò fi ṣe é, kò sì ní rìn jìnnà kó tó já sí ojú irin tí Ertl fi ọ̀pọ̀ ọdún wò. Katalísìtì ni gbogbo rẹ̀ dá lé: ohun tó ń mú kí kẹ́míkà tètè bára wọn ṣe, tí òun fúnra rẹ̀ kì í sì í tán sínú iṣẹ́ náà. Èrè iṣẹ́ Ertl, lójú tèmi, kì í ṣe katalísìtì tuntun kankan. Ohun tó fi lé wa lọ́wọ́ ni ọ̀nà tí a fi ń dá ìgbésẹ̀ tó ń fa gbogbo iṣẹ́ sẹ́yìn mọ̀, ìgbésẹ̀ yẹn nìkan ló sì yẹ kí èèyàn náwó lé lórí.

Ohun tí wọ́n ń lò láìmọ ìdí

Náítrójìn ló kó nǹkan bí ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Àmọ́ átọ̀mù méjì inú mólékù rẹ̀ dì mọ́ra típẹ́típẹ́: nǹkan bí 945 kilojúùlù ni yóò gbà láti tú mólù kan ṣoṣo ká. Fritz Haber fi hàn ní ọdún 1909 pé bí a bá fún náítrójìn àti háídrójìn pọ̀ gidigidi, tí a sì gbé wọn gba orí katalísìtì gbígbóná, amóníà yóò jáde. Carl Bosch sọ ọ́ di iṣẹ́ ńlá, ilé iṣẹ́ BASF ní Oppau sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ọdún 1913.

Alwin Mittasch ló bá wọn wá katalísìtì tí kò wọ́n. Bó ṣe wá a ni pé ó ń dán àdàlù wò ṣáá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òkúta irin magnetite láti Gällivare ní Sweden ló yà á lẹ́nu, nígbà tí wọ́n sì tú u wò, wọ́n rí i pé àwọn àbùlà kéékèèké inú rẹ̀ ló ń ràn án lọ́wọ́. Katalísìtì tí wọ́n ń rà lónìí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀, magnetite kó bí 94, alumina (alumíníọ̀mù tó ti bá ọ́ksíjìn pọ̀) bíi 2 sí 4, ẹfun kálísíọ̀mù bíi 2 sí 3, potásíọ̀mù tó ti bá ọ́ksíjìn pọ̀ kò sì sábà tó 1.

Ó ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń rí owó nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n fi ọgọ́ta ọdún jiyàn lé lórí. Ṣé náítrójìn ń kọ́kọ́ pín sí méjì lójú irin kí háídrójìn tó bá a ni, àbí odindi ló ṣì wà tí háídrójìn fi ń lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi já? Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, títú náítrójìn ká ni kí èèyàn gbájú mọ́. Bó bá jẹ́ ti èkejì, arọ́pò irin tó yàtọ̀ pátápátá ni ó yẹ kí á wá.

Irin tó mọ́ nítòótọ́

Inú ẹ̀rọ amóníà kò ṣeé yọjú wò. Ìfúnpá ibẹ̀ ń lọ láti 150 dé 300 bar (bar kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìfúnpá afẹ́fẹ́ ìta), ooru rẹ̀ wà láàárín 400 sí 500 °C, katalísìtì fúnra rẹ̀ sì jẹ́ wóró wóró tó kún fún ihò. Ertl gba òdìkejì rẹ̀ lọ. Ó mú ẹyọ kírísítálì irin kan ṣoṣo, tí gbogbo átọ̀mù rẹ̀ tò bó ti yẹ, ó gbé e sínú àpótí tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán.

Ó yẹ kí á mọ bí òfìfo náà ṣe gbọ́dọ̀ jinlẹ̀ tó. Bí ìfúnpá bá ti lọ sílẹ̀ dé ìdá kan nínú bílíọ̀nù ti afẹ́fẹ́ ìta, èèyàn lè rò pé ó ti tó. Kò tó rárá. Ní ìwọ̀n yẹn, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni gáàsì tó ṣẹ́kù nílò láti bo gbogbo ojú irin náà, bí gbogbo èyí tó kàn án bá lẹ̀ mọ́ ọn. Ó dìgbà tí a bá tún fà á lọ sílẹ̀ ní ìlọ́po 10,000 kí á tó ní nǹkan bí wákàtí méjì sí mẹ́ta láti fi wọn ohun tí a fẹ́ wọ̀n. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ooru tó ju 100 °C yan àpótí náà látòkè délẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí omi tó lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀ lè jáde.

Lẹ́yìn èyí ló kan fífọ irin. Imí-ọjọ́ ló ń dààmú wọn jù níbẹ̀, torí inú irin náà gan-an ló ń gbé. Wọ́n á fi àyọ́nù ágọ́ọ̀nù, ìyẹn átọ̀mù gáàsì ágọ́ọ̀nù tí wọ́n fi iná sí lára, gbá ojú rẹ̀ títí yóò fi mọ́. Gbígbá yẹn á da átọ̀mù ojú rẹ̀ rú, wọ́n á sì gbé e gbóná kí átọ̀mù lè padà sí àyè wọn. Bó bá ti gbóná báyìí, imí-ọjọ́ mìíràn á tún ti inú gòkè wá. Àgbátúngbá ni, títí èyí tó wà nínú rẹ̀ yóò fi tán. Ooru náà kò sì gbọdọ̀ kọjá 912 °C, torí ibẹ̀ ni ìtò átọ̀mù irin ti ń yí padà: bó bá yí padà tán tó tún padà sílẹ̀, kírísítálì náà kò wúlò mọ́. Ẹni tó bá ka àríyànjiyàn àwọn ará àtijọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí yóò rí i pé ìdọ̀tí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wọ̀n, irin ni wọ́n rò pé àwọn ń wọ̀n.

Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀

Munich ni Ertl wà láti ọdún 1973 títí di 1986, kó tó lọ sí Fritz-Haber-Institut ní Berlin. Nígbà tí òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ da náítrójìn lé irin mímọ́ yìí lórí, bóyá ni ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù mólékù tó kan ojú irin ń pín, kó sì dúró. Háídrójìn ní tirẹ̀ kì í janpata. Kíá ló ń pín. Wọ́n tún mú irin tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìfúnpá tó ga díẹ̀ padà sínú òfìfo, wọ́n sì ka átọ̀mù náítrójìn tó wà lójú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi kún háídrójìn, náítrójìn tí wọ́n ń bá níbẹ̀ ń dín kù ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí átọ̀mù náítrójìn bá ti dé báyìí, háídrójìn ti gbé e lọ. Dídé rẹ̀ ló ń pẹ́. Àríyànjiyàn ọgọ́ta ọdún parí síbẹ̀: náítrójìn ń kọ́kọ́ pín, pípín yẹn ló sì ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn.

Láti ibẹ̀, àṣírí àdàlù Mittasch tú. Irin kì í ní ojú kan ṣoṣo; bí a bá ṣe gé kírísítálì ni átọ̀mù ojú rẹ̀ ṣe máa tò. Ojú tí wọ́n ń pè ní 111, tí átọ̀mù rẹ̀ fẹjú síra wọn tí inú rẹ̀ sì ṣí, ń tú náítrójìn ju ojú 110 tó dí pinpin lọ fíìfíì. Potásíọ̀mù ń ta irin lọ́rẹ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, irin sì ń tì í bọ inú mólékù náítrójìn, èyí tó ń mú kí ìdè àárín átọ̀mù méjèèjì dẹ̀. Lórí ojú 100, díẹ̀ péré nínú rẹ̀ mú kí pípín náà yá ní ìlọ́po ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Alumina kì í dá sí kẹ́mísìrì náà rárá. Ó kàn ń dúró láàárín wóró irin kí wọ́n má baà yọ́ mọ́ra di gbàgà kan ni.

Àwọn kan ṣì ta kò ó pé kí ni òfìfo fẹ́ sọ nípa ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ ní 200 bar. Ìbéèrè gidi ni. Ní ọdún 1985, Stoltze àti Nørskov ní Denmark kó àwọn ìwọ̀n tí wọ́n ti wọ̀n lójú irin mímọ́ wọ̀nyí, wọ́n sì fi ṣírò iye amóníà tó yẹ kó jáde lára katalísìtì ilé iṣẹ́. Ìṣirò náà bá ohun tó ń jáde lóòótọ́ mu dáadáa. Láti ìgbà náà ni ìṣirò ti di irinṣẹ́ tí àwọn tó ń wá katalísìtì fi ń yan ohun tí wọ́n máa gbé lọ sí láàbù.

Plátínọ̀mù

Mi ò ní pẹ́ lórí eléyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ertl pẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tí kábọ́ọ̀nù mónóksáídì àti ọ́ksíjìn bá pàdé lórí plátínọ̀mù, ìrẹ́jẹ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Kábọ́ọ̀nù mónóksáídì ń jókòó fún ara wọn pọ̀ bí èrò inú dánfó. Ọ́ksíjìn tó nílò àyè méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kó tó lè pín kò ní rí ibi kan wọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ́ksíjìn ló kọ́kọ́ dé, àyè ń ṣẹ́ kù láàárín wọn, kábọ́ọ̀nù mónóksáídì sì ń ráyè wọlé. Ìdí nìyẹn tí katalísìtì inú èéfín ọkọ̀ kì í fi í ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde: ooru gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lé mónóksáídì kúrò lórí rẹ̀.

Ohun kan náà ló ń pa fuel cell tó ń fi háídrójìn ṣe iná. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní bí 80 °C yóò rẹ̀ bí mónóksáídì inú háídrójìn bá tó mólékù 10 péré nínú mílíọ̀nù. Oríṣi tó ń lo ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì ní bí 160 °C lè fara da ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, kì í ṣe pé plátínọ̀mù rẹ̀ yàtọ̀, ooru ni kò jẹ́ kí mónóksáídì lè jókòó pẹ́.

Háídrójìn láti inú omi

Wàyí o, amóníà tí a ń fi oòrùn àti afẹ́fẹ́ ṣe. Inú gáàsì ilẹ̀ tàbí èédú ni wọ́n ti ń fa ọ̀pọ̀ jù lọ háídrójìn amóníà ayé yọ. Bí a bá fẹ́ yẹra fún èéfín rẹ̀, a ó fi iná ya omi. Ọ̀nà náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: Norsk Hydro ti ń fi iná ìsàn omi ṣe é ní Rjukan, ní Norway, láti ọdún 1929, wọ́n ṣe é ní Aswan ní Íjíbítì àti ní Kwekwe ní Zimbabwe náà. Gáàsì ilẹ̀ tó pọ̀ yanturu ló pa ọ̀nà náà tì.

Kílò háídrójìn kan ń jẹ kílò omi 9, àti iná tó tó 50 sí 55 kWh. Nǹkan bí 33 kWh la lè rí gbà padà bí a bá sun ún tí ohun tó jáde sì jẹ́ ooru omi, ìyẹn omi tó ti di gáàsì. Níbo ni ìyókù gbà? Ẹ tún béèrè ìgbésẹ̀ tó ń fà sẹ́yìn. Ní ẹ̀gbẹ́ háídrójìn, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì ló ń kọjá, ó sì rọrùn. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ́ksíjìn, mẹ́rin ni wọn, pẹ̀lú ìdè tuntun tó gbọ́dọ̀ di láàárín átọ̀mù ọ́ksíjìn méjì. Fóòtì 1.23 ló yẹ kó tó. Nínú ẹ̀rọ gidi, ó ń lọ sí 1.8 tàbí 2, ẹ̀gbẹ́ ọ́ksíjìn ló sì ń jẹ èyí tó pọ̀ níbẹ̀. Nínú ẹ̀rọ tó ń lo ásíìdì, irídíọ̀mù nìkan ló ń fara dà á fún ọdún púpọ̀, irídíọ̀mù tí gbogbo ayé ń wà jáde lọ́dún kan kò sì tó tọ́ọ̀nù mẹ́wàá. Nínú omi pótáàṣì tí agbára rẹ̀ tó ìdá 25 sí 30, ní 70 sí 90 °C, níkẹ́lì tó pọ̀ nílé ayé ń ṣe iṣẹ́ náà. Irin díẹ̀ tó ṣèèṣì bọ́ sínú pótáàṣì náà tún ń mú níkẹ́lì ṣe dáadáa sí i.

Tọ́ọ̀nù amóníà kan nílò kílò háídrójìn 178. Ẹ bá mi lò ó pọ̀: bíi 9 sí 10 MWh (MWh kan jẹ́ 1,000 kWh) ló ń bá háídrójìn nìkan lọ. Yíya náítrójìn kúrò nínú afẹ́fẹ́ àti fífún gáàsì pọ̀ kò kó ju ìdá kékeré lọ nínú iná tí gbogbo iṣẹ́ náà ń jẹ.

Ibi tó ti ń bàjẹ́

Irin amóníà kò fẹ́ rí ọ́ksíjìn, kò sì fẹ́ rí omi. Bí àwọn méjèèjì bá ju mólékù bíi mẹ́wàá lọ nínú mílíọ̀nù, wọn á tún ojú irin bò. Gáàsì mímọ́ lè ṣí i padà, ṣùgbọ́n bí bíbò àti ṣíṣí náà bá ti pọ̀ jù, wóró irin á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ mọ́ra, agbára tó sì bá ọ̀nà yìí lọ kì í padà. Háídrójìn tó ń jáde láti inú omi kò ní imí-ọjọ́, ìyẹn dára púpọ̀ torí imí-ọjọ́ kì í lọ mọ́ bó bá ti dé. Àmọ́ ó kún fún ooru omi, ọ́ksíjìn díẹ̀ sì ń gba ara aṣọ tó wà láàárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yọ́ sínú rẹ̀.

Níbí ni oòrùn àti afẹ́fẹ́ ti ń dá wàhálà tiwọn sílẹ̀. Bí ìkùukùu bá bo oòrùn tí iná sì dín kù, háídrójìn tó ń jáde á dín kù, ṣùgbọ́n èyí tó ń yọ́ kọjá aṣọ náà kò dín. Nítorí náà, ìdá ohun àìmọ́ nínú gáàsì kọ̀ọ̀kan ń ga. Nínú ẹ̀rọ pótáàṣì, nígbà tí iṣẹ́ bá wálẹ̀ dé bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, háídrójìn inú ọ́ksíjìn lè súnmọ́ ìdá 2, bẹ́ẹ̀ ìdá 4 ló ti lè gbiná, ẹ̀rọ á sì pa ara rẹ̀.

Ìtọ́jú rẹ̀ ni kí á gbé háídrójìn gba orí paládíọ̀mù, kí ọ́ksíjìn inú rẹ̀ lè di omi, lẹ́yìn náà kí á gbẹ ẹ́ pẹ̀lú molecular sieve, wóró oníhò kéékèèké tó ń fa omi mu. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é kó ṣọ́ ooru rẹ̀: ìdá kan ọ́ksíjìn nínú ọgọ́rùn-ún ń gbé gáàsì náà sókè ní nǹkan bí 165 °C. Bí ọ́ksíjìn bá ṣàdédé pọ̀, paládíọ̀mù náà lè jóná kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Àtòpọ̀ tó bójú mu ni kí ẹ̀rọ tó ń ka ọ́ksíjìn wà ṣáájú paládíọ̀mù àti lẹ́yìn ibi gbígbẹ, kí fáàfù sì darí gáàsì sí ìta bí ọ̀kan nínú wọn bá ké. Náítrójìn náà ní tirẹ̀: èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ PSA, tó ń fi ìfúnpá ya gáàsì sọ́tọ̀, yà máa ń gbé ágọ́ọ̀nù dání, ágọ́ọ̀nù kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe, á kàn máa kó jọ nínú àyíká gáàsì títí a ó fi tú díẹ̀ dànù.

Katalísìtì tuntun pàápàá ní ìlànà tirẹ̀. Òkúta magnetite tí wọ́n fọ́ sí wóró bíi mílímítà 1.5 sí 3 ni wọ́n ń dà sínú ẹ̀rọ. Èyí tó kéré jù ń ṣiṣẹ́ dáadáa ṣùgbọ́n ó ń dènà gáàsì. Wọ́n á gbé ooru sókè díẹ̀díẹ̀ kọjá 350 °C nínú gáàsì tó ní háídrójìn, kí ọ́ksíjìn lè jáde gẹ́gẹ́ bí omi, kí ihò sì ṣí nínú wóró náà. Ìyára ló ń ba ibí yìí jẹ́. Ẹni tó bá sáré, omi tó jáde lára wóró òkè á kọjá lórí irin tó ti ṣí nísàlẹ̀, á tún un bò, á sì yọ́ ọ mọ́ra. Ọjọ́ mélòó kan ni, a kì í kánjú sí i, a sì ń wọn omi tó ń jáde ní gbogbo wákàtí. Irin tó bá ti ṣí tán kò gbọdọ̀ rí afẹ́fẹ́ ìta mọ́, torí yóò gbiná fúnra rẹ̀.

Ìdíwọ́ tó kù ni dídúró àti ìbẹ̀rẹ̀. Amóníà tó ń di ń tú ooru jáde, bí 46 kilojúùlù lórí mólù kan, ooru yẹn ni a sì fi ń gbé gáàsì tó ń wọlé gbóná. Bí gáàsì bá kéré jù, ooru náà kò ní tó gbé ara rẹ̀ mọ́, iṣẹ́ á kú. Bí ẹ̀rọ ṣe ń tutù tó tún ń gbóná ní 200 bar pẹ̀lú háídrójìn nínú, irin ògiri rẹ̀ ń rẹ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ ìkòkò háídrójìn sáàárín, kí ẹ̀rọ omi lè máa tẹ̀lé oòrùn, kí ẹ̀rọ amóníà sì máa rọra lọ. Rùténíọ̀mù lórí kábọ́ọ̀nù, tó wọ ilé iṣẹ́ ní ọdún 1992, lè ṣiṣẹ́ ní bí 90 bar. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, háídrójìn ń jókòó lé e lórí dí náítrójìn lọ́nà, ó sì lè sọ kábọ́ọ̀nù tó gbé e dúró di mẹ́tíénì.

Ohun kan kù tí mo rí i pé àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Wọ́n rò pé katalísìtì tó dára fún dídi amóníà yóò dára fún títú u padà sí háídrójìn ní èbúté tí wọ́n gbé e dé. Kì í rí bẹ́ẹ̀. Lọ́nà ìpadà, ó lè má jẹ́ pípín náítrójìn ló ń fà sẹ́yìn mọ́. Lórí irin, bí átọ̀mù náítrójìn méjì ṣe máa pàdé ara wọn kí wọ́n sì jáwọ́ lára irin ló nira, torí irin dì wọ́n mú jù. Irin máa ń kún, ojú rẹ̀ á sì dí. Níkẹ́lì tàbí rùténíọ̀mù tí kò dì wọ́n mú tó bẹ́ẹ̀ ló yá lọ́nà yìí, níkẹ́lì a sì máa béèrè ooru tó ga. Lẹ́yìn títú ló tún kan fífọ: ìlànà ISO 14687 fún háídrójìn ọkọ̀ kò fàyè gba ju 0.1 amóníà nínú mílíọ̀nù lọ, tàbí 0.2 kábọ́ọ̀nù mónóksáídì. Ìwọ̀n yẹn ni ẹni tó bá fẹ́ tà á fún ọkọ̀ fuel cell gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ sórí ìwé kó tó yan katalísìtì.